Borí Ná, Ká Tó Sọ Ìyókù

Ghent, Bẹ́líjíọ̀mù,
2 Oṣù Kẹfà, 2024.

Bàbá mi,

Àsàlámù àláékúmù. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù ti Màmá. Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Mo ti kí yín lórí fóònù nígbà tó ṣẹlẹ̀ nínú ààwẹ̀, mo sì ti gbìyànjú láti bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti dé orí rẹ̀ lẹ ń pa fóònù. Ẹ ní kóòṣì bíi tiyín kì í bá eléré kẹ̀kẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gidi lórí fóònù, pé ìwé ló dáa, torí ìwé á wà lápò ẹni títí a ó fi kà á. Ó dáa, mo kọ̀wé.

Mo borí nínú eré kẹ̀kẹ́ lóṣù tó kọjá, ẹ ti gbọ́. Òjò ń rọ̀, ọ̀nà ń yọ̀, táyà iwájú lásán ni mo fi ṣáájú ẹni tó tẹ̀ lé mi. Wọ́n gbé òdòdó fún mi, mo bú sẹ́kún lórí pèpéle, gbogbo wọn rò pé ayọ̀ ni. Bàbá, Màmá ti wà nínú ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi lé ìborí yẹn kí n lè pè wọ́n. Ìgbà tí ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tí mo fẹ́ pè mọ́.

Ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ tí mò ń lọ. Mo ti jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé wa l'Ówu, Màmá ò jáde. Ẹ wọlé lọ bá wọn ní yàrá, ẹ pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ jáde, a kọjá Kútọ̀ kí ẹ tó ní: "Ìyá ẹ ní kí n sọ fún Ummulkulthum pé òun ò bí ọmọ tí yóò máa ṣí itan kiri títì lásán. Bí kò bá tíì borí, kó má pe òun, kó má sì fojú kan òun."

Mo gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń wa kẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ náà. Mi ò pè wọ́n. Àwọn náà ò pè mí, ìyẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú pé òótọ́ ni.

Àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n kú, mo tú ọ̀rọ̀ náà wò. Orúkọ ìyá yín lẹ sọ mí. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ìyá ọkọ, Màmá ò sì pe orúkọ yẹn rí láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mi. "Ìyá ọkọ mi" ni wọ́n ń pè mí. Bí inú bá bí wọn, "ìyá ọkọ mi yìí" ni. Nígbà tí àwọn olùkọ́ bi wọ́n ní orúkọ mi nílé ìwé, èmi ni wọ́n ní kí n dáhùn. Nígbà tí ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ, ìyá ọkọ mi náà ni wọ́n ń ké. Ṣé ẹni tí ò pe Ummulkulthum lójú ikú, ọjọ́ tí inú bí i ló máa pè é?

Àǹtí Ṣùkúrátù, àbúrò wọn, ní ilé ìdáná lòun wà lọ́jọ́ náà, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ ní yàrá yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé Màmá sọ ọ̀rọ̀ yẹn?

Èmi ọmọ yín,
Ummulkulthum.


Òwu, Abẹ́òkúta,
7 Oṣù Keje, 2024.

Ummulkulthum,

Wààláékúmù sàlámù. Ìwé ẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara ò fi bẹ́ẹ̀ le, ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń ra táyà àti ṣéènì lọ́wọ́ mi. Gbogbo ilé ń kí ẹ.

O borí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, o ti jókòó, o ń ṣa ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ṣé iṣẹ́ tí mo rán ẹ nìyẹn?

Jẹ́ kí n rán ẹ létí ohun tí mo kọ́ ẹ. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń wa kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọmọ tó ń ru igi láti oko wá sí Òṣíẹ̀lẹ̀ ní ẹsẹ̀ ju gbogbo yín lọ. Ebi ló ń wà á, mi ò sì sọ ti oúnjẹ. Kò sí ẹni tí kò ní ẹnì kan tó fẹ́ kó yin òun. Iṣẹ́ kóòṣì ni kó wá ẹni yẹn rí, kó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ eléré náà lójú. Báyẹn la ṣe ń dá ìtara sílẹ̀. Èyí tó le ni kéèyàn tọ́jú rẹ̀ kó má kú. Wàá ṣí ilẹ̀kùn náà díẹ̀, kó rí iná inú ilé, wàá tún tì í. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ní ti kẹ̀kẹ́, bí ebi bá kúrò nínú rẹ̀, eré bùṣe. Mo ti rí àwọn tí bàbá wọn ń gbé omi tútù dúró dè ní òpin eré. Níbo ni wọ́n wà lónìí? Wọ́n sanra, wọ́n ń gun ọ̀kadà.

Ní ti ìyá ẹ, mo jíṣẹ́ fún ẹ, ẹnu mi ni mo sì fi jẹ́ ẹ. Ta ló ń jíṣẹ́ tó ń sín ẹni tó rán an jẹ? O ní òun náà ò pè ẹ́. Èmi ni mo sọ fún un pé o ní kó má pè ẹ́, kó má baà máa dà ẹ́ láàmú. Ó gbà. Kò gbé ẹkún wá bá mi bí o ti ń ṣe yìí. Bóyá ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, bóyá kò sọ ọ́, ìborí kan kì í ṣe ìborí. Borí ná, ká tó sọ ìyókù.

Mo ní iṣẹ́ fún ẹ. Ọmọbìnrin kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, Ọyáyẹmí, ọmọ àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀. Olóòṣà ni wọ́n nílé wọn, ìyẹn ò kàn mí. Ọmọ náà mú, ó mú jù ẹ́ lọ. Ó lẹ àwòrán ẹ mọ́ inú akoto rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ń kọ̀wé sí ẹ. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ti ń yó. Ó ń rẹ́rìn-ín lórí òkè. Kọ ìwé sí i, kí o bú u. Má bú ẹsẹ̀ rẹ̀ o, ibi tó ń dùn ún ni kí o bú. Fi í ránṣẹ́ sí mi, èmi ni màá fún un láàárọ̀ eré.

Bàbá ẹ,
Ṣéhù.


Ghent,
20 Oṣù Keje, 2024.

Bàbá mi,

Àsàlámù àláékúmù. Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Mo ka ìwé yín nílé ìdáná, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti sọ ohun tí ẹ sọ fún Màmá. Ẹ sọ fún mi pé wọn ò fẹ́ rí mi. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn wọn. Ọdún mẹ́fà ni ìyá àti ọmọ fi ń bọ̀wọ̀ fún àṣẹ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò pa. Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni ń sọ iye tí ṣéènì ń lọ lọ́jà.

Ohun tí mo mọ̀ nípa Màmá nìyí. Kò sí ìgbà tí mo fẹ́ jáde tí wọn ò ní béèrè bóyá mo ti jẹun. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n wọ́n, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń lọ, wọ́n á fi ìborùn di ẹnu kí ẹ má baà gbọ́. Bí mo bá ti Òṣíẹ̀lẹ̀ dé láàárọ̀ tí ẹ ti bú mi tán, wọ́n á ní, "Ìyá ọkọ mi, wá bọ́ bàtà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í bi mí ní ipò tí mo ṣe. Obìnrin yẹn kọ́ ló máa ní kí ọmọ òun borí kó tó wọlé.

Mi ò ní bú Ọyáyẹmí. Ó ti kọ̀wé sí mi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń pe òun ní ọmọ abọ̀rìṣà, pé bàbá òun ò tíì wá wo eré òun rí, òun sì ń ṣe bí ẹni pé oko ni kò jẹ́ kó wá. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé bàbá kì í kórìíra ọmọ. Ojú ti mí nígbà tí mo ń kọ ọ́.

Ìbéèrè mi ṣì wà ńbẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn.

Ummulkulthum.


Òwu,
29 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ummulkulthum,

Mi ò tètè dá ẹ lóhùn torí mò ń wò ẹ́. Ẹni tó ń bá mi wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì fi èsì eré yín hàn mí. Lóṣù keje, ẹ̀yìn lo wà. Lóṣù kẹjọ, ẹ̀yìn náà ni. Èyí tó kẹ́yìn yìí, o sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, o ò parí rẹ̀. Ìwọ náà ti rí i. Láti ìgbà tí o ti gbà pé ìyá ẹ fẹ́ràn ẹ ni ẹsẹ̀ ẹ ti kú.

Mi ò bínú sí ẹ. Mo ní ohun tí o fẹ́, o ní ohun tí mo fẹ́. Eré àwọn ọmọbìnrin á wáyé lóṣù kọkànlá. Kọ ìwé sí Ọyáyẹmí bí mo ṣe sọ, màá sì sọ ọ̀rọ̀ ìyá ẹ fún ẹ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, láìyọ, láìfi kún un. Bí o ò bá kọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, èèyàn ò sì mọ ìgbà. Ọ̀rọ̀ tó bá bá mi wọ sàréè, o ò ní rí i hú.

Bàbá ẹ.


Ghent,
6 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Bàbá,

Ìwé tí ẹ fẹ́ nìyí, ó wà nínú àpò ìwé yìí. Mo kọ́kọ́ kọ ọ̀kan tó rọ̀, mo ya á, torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà á. Ìjókòó kan ni mo fi kọ èyí. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré.

Ẹ mú ìlérí yín ṣẹ.

Ummulkulthum.

[Èyí ni ìwé tó fi sínú rẹ̀.]

Ọyáyẹmí,

Mo rí fídíò tí Kóòṣì fi ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó dé ìdajì, mo pa á. Ṣé bí o ṣe máa ń gun òkè nìyẹn, bí ọmọ tí wọ́n rán lọ pọnmi tó ń ṣeré lọ́nà? Yọ àwòrán mi kúrò nínú akoto ẹ. Mi ò fẹ́ kí òógùn ẹni tó ń ṣe ipò kejì máa kán sí mi lójú.

O bi mí nígbà kan nípa bàbá ẹ. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ nígbà yẹn. Kóòṣì ti bi í léèrè ìdí tí kì í fi í wá, bàbá ẹ sì ní ojú ọmọ náà ń ti òun, pé kó borí ná kó tó pe òun ní bàbá níta. Oko kọ́ ló ń dá a dúró.

Má kọ̀wé sí mi mọ́ bí o ò bá borí.

Ummulkulthum.


Òwu,
1 Oṣù Kejìlá, 2024.

Ummulkulthum ọmọ mi,

Àsàlámù àláékúmù. Ọlọ́run á jẹ́ kí o pẹ́ fún wa. Ìwé ẹ ṣiṣẹ́.

Mo fún un nígbà tí gbogbo wọn ti tò sórí ìlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nílẹ̀, èkejì lórí pẹ́dà. Ó kà á tán, ó tún un kà. Kò sunkún. Ó yọ àwòrán ẹ nínú akoto, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí kóńkéré níwájú táyà rẹ̀, nígbà tí wọ́n fọn fèrè, ó gùn ún kọjá. Mi ò rí irú eré tí ọmọ náà sá rí láyé mi. Láti Òṣíẹ̀lẹ̀ padà wá sí Aké, òun nìkan ló wà lójú ọ̀nà, a ò rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó débẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó ní, "Kóòṣì, ẹ sọ fún wọn nílé wa pé mo borí." Kò lọ sílé sọ fún wọn fúnra rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ tí o wà ní Ghent ti kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní wọ́n á rán èèyàn wá wò ó nínú eré oṣù kẹta. Bó bá borí níbẹ̀, wọ́n á mú un. Bí inú ọmọ náà bá dùn kó tó di ìgbà yẹn, oko ni yóò gbó sí. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ẹ̀tọ́ ẹ. Ọjọ́ tí ò ń lọ, mo bá ìyá ẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ó ti fi ìborùn di ẹnu. Ó ní: "Ẹ bá mi sọ fún ìyá ọkọ mi pé kó má gbàgbé àtijẹun. Mi ò lè jáde, bí mo bá rí i nínú mọ́tò yẹn, màá fà á sọ̀ kalẹ̀. Bó borí, bí kò borí, ẹ ní kó máa bọ̀ wálé."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo yí i padà torí ọmọ tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn ò ní wọ bàálù.

Bàbá ẹ,
Ṣéhù.


Ghent,
15 Oṣù Kejìlá, 2024.

Bàbá,

Mo ka ìwé yín, mo sì sunkún títí ẹni tí a jọ ń gbélé fi wá kan ilẹ̀kùn. Mo ké pe Màmá bí ẹni pé wọ́n ṣì wà láyé. Mo dá wọn lóhùn sókè pé mo ti jẹun. Mo sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wálé.

Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ibi tí mo ti ka ọ̀rọ̀ náà rí. Ìyá ọkọ mi, èmi ni mo kọ ọ́ sí yín. Oúnjẹ, èmi ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti ìborùn, èmi náà ni, lóṣù keje. Mo kó gbogbo ìyá mi lé yín lọ́wọ́, ẹ wá gé e, ẹ rán an, ẹ fi ránṣẹ́ padà sí mi. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe sọ ọ́, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí. Ó lè jẹ́ pé wọn ò sọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ yẹn lòótọ́. Bí ẹ bá fi Kùránì búra, mi ò ní mọ̀. Mi ò ní mọ̀ mọ́ títí màá fi kú.

Inú bí mi débi pé mi ò lè jókòó. Mo gbé kẹ̀kẹ́, mo lọ sí eré inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣe níbí lánàá, mo sì borí. Kò sí ẹni tó sún mọ́ mi. Mo kórìíra yín, Bàbá. Mo sì mọ̀ pé ibi tí mo ti ní mo borí nìkan lẹ máa kà lẹ́ẹ̀mejì.

Màá kọ̀wé sí Ọyáyẹmí. Gbogbo rẹ̀ ni màá tú sílẹ̀ fún un, kó lè padà bá bàbá rẹ̀ jẹun. Ti èmi ti bàjẹ́, tirẹ̀ ò ní bàjẹ́.

Ummulkulthum.


Oko wa, lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀,
10 Oṣù Kìn-ín-ní, 2025.

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú òtútù. Ẹ ní kí n má kọ̀wé bí mi ò bá borí. Mo borí, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi nítorí àwòrán yín.

Mo bi bàbá mi ní ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré. Nígbà tó rí ojú mi, ó mú àdá tó fi ń roko, ó fi ahọ́n kàn án, ó ní bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ẹnu òun jáde rí, kí Ògún pa òun. Ó ní ọ̀nà Ìbàdàn tí a ti ń sáré yẹn ni tírélà ti tẹ àbúrò òun pa lórí kẹ̀kẹ́, òun ò lè dúró níbẹ̀ máa wo ẹ̀yìn mi. Kò sọ ọ́ fún mi rí, kí ẹ̀rù má baà bà mí.

Nílé wa, bí èèyàn bá ti fi ẹnu kan irin, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò bá a jẹun láti oṣù kọkànlá. Bí mo bá gba bàbá mi gbọ́, á jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ parọ́, ẹ̀yin ò sì lè parọ́ fún mi, Àǹtí. Kí lẹ máa fi ṣe? Bí mo bá gbà yín gbọ́, á jẹ́ pé bàbá mi ti búra èké, mo sì ń wò ó, mò ń retí ìgbà tó máa kú. Ara rẹ̀ ò yá láti ìgbà tí ọdún ti yí. Ó ń wú lẹ́sẹ̀.

Ẹ sọ ọ̀kan fún mi. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá gbà.

Èmi àbúrò yín,
Ọyáyẹmí.


Ghent,
26 Oṣù Kìn-ín-ní, 2025.

Ọyáyẹmí,

Mo rí ìwé ẹ gbà. Kí bàbá ẹ lo oògùn, Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà.

Àwọn èèyàn ẹgbẹ́ wa níbí ti múra ìrìn àjò. Wọ́n ń bọ̀ wá wò ẹ́ lóṣù kẹta, mo sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ ẹ. Má sùn jù, má bá ẹnikẹ́ni jà.

Mo ti kọ ìwé gígùn kan sí ẹ lórí ọ̀rọ̀ bàbá ẹ. Ó wà níbí lọ́dọ̀ mi, lórí tábìlì, orúkọ ẹ wà lára rẹ̀. Mi ò tíì fi ránṣẹ́.

Borí ná, ká tó sọ ìyókù.

Ummulkulthum.